Omi ọkà bàbà lórí oko ẹ̀wà: kí ló dé tí èpò fi tutù sí i?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀wà àti sóyà ni mo ń gbìn. Lọ́dún tó kọjá, oògùn tí wọ́n ní kí n fín sí èpò sọ ewé ẹ̀wà mi di funfun bí ìwé, ìdajì oko ló bá a lọ. Mo wá gbọ́ pé oje ara ọkà bàbà ń pa èpò, pé kò sì ní ṣe ẹ̀wà ní nǹkan kan torí pé ara ewéko ló ti wá. Mo já ewé rẹ̀, mo rẹ ẹ́ mọ́jú sínú korobá kan, mo dà á sínú táǹkì omi ńlá, mo sì fín in sórí èpò tó ti ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, èpò yẹn tutù yọ̀yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún mi, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe?"

Àbúrò mi, ẹ kú wàhálà oko. Wọn ò parọ́ fún yín, ẹ̀yin náà ò sì ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún yín, oko kì í sì í ṣe ọmọlúàbí tí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ máa dénú rẹ̀ kó di odindi. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi, nǹkan méjì ló ń bà yín lẹ́rù: kí nǹkan míì má tún jó ẹ̀wà yín, àti kí ẹ má fi ọ̀sẹ̀ tó ṣe pàtàkì ṣòfò lórí ohun tí kò ní ṣiṣẹ́, kí èpò wá gba oko mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀rù méjèèjì ló tọ́. Ẹ jẹ́ ká ti ibi ewé funfun yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìyé àkọ́kọ́ wà.

Ẹ ti gbà pé oògùn inú ike ló burú, pé èyí tó bá ti ara ewéko wá á mọ ẹ̀wà yàtọ̀ sí èpò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ewé ẹ̀wà tó funfun bẹ́ẹ̀ jọ iṣẹ́ oògùn oko àgbàdo tó ní mesotrione nínú, tàbí ọ̀kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Tí ike náà bá ṣì wà nílé, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ ni pé ara igi òdòdó ni wọ́n ti rí ọ̀nà dé ìdí oògùn yẹn. Lọ́dún 1977, onímọ̀ kan ní California kíyè sí i pé koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù lábẹ́ igi bottlebrush, igi tí òdòdó pupa rẹ̀ dà bí búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ inú ìgò. Wọ́n wá ìdí rẹ̀ títí wọ́n fi kan èròjà kan tó ń jẹ́ leptospermone. Èròjà yìí ń dí ewéko lọ́wọ́ láti ṣe ohun tó ń gba àwọ̀ ewé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, oòrùn á wá bó ewé náà títí á fi funfun. Àwòkọ́ṣe rẹ̀ tó lágbára jù ú lọ ni wọ́n sọ di mesotrione. Àgbàdo lè tètè fọ́ ọ túútúú nínú ara rẹ̀ kó tó ṣe é ní jàǹbá, ẹ̀wà àti sóyà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí oògùn tiyín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, májèlé tí ewéko kọ́kọ́ dá lọ́nà ló jó ẹ̀wà yín. Ibi tí nǹkan ti wá kọ́ ló ń sọ ẹni tó máa pa. Ohun tó ń sọ ọ́ ni bóyá ara ewéko tó bá pàdé lè borí rẹ̀, bí ó ṣe pọ̀ tó, àti ọjọ́ orí ewéko náà lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sórí ọkà bàbà. Pé ewéko kan ń tú èròjà sílẹ̀ tí ń dá aládùúgbò rẹ̀ lẹ́kun, ìyẹn kì í ṣe ìtàn àròsọ. Hans Molisch, onímọ̀ ewéko ará Austria, ló sọ ọ́ ní allelopathy lọ́dún 1937, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó bí i. Pliny ará Róòmù ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn pé abẹ́ igi walnut kì í bá irúgbìn lára mu. Ti ọkà bàbà, ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sínú àwo, ẹ gbé ẹyọ ọkà bàbà mẹ́wàá lé e, ẹ bò ó. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé gbòǹgbò rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Ẹ ó rí irun wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò náà, ẹ ó sì rí ẹ̀kán kéékèèké, pupa rúsúrúsú, tó ń dán, tó rọ̀ mọ́ irun wọ̀nyí bí ìrì. Sorgoleone nìyẹn, òun gan-an ni ògbólógbòó nínú àwọn èròjà tí ọkà bàbà fi ń bá èpò jà. Ó ń wọ inú ọmọ èpò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ó sì ń dá iṣẹ́ tí ewé fi ń sọ ìmọ́lẹ̀ di oúnjẹ dúró.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọn ò bá yín dé nìyí: sorgoleone dà bí epo, kì í bá omi ṣe. Gbòǹgbò tó wà láàyè ló ń ṣe é, kò sí nínú ewé. Ẹ lè rẹ ewé ọkà bàbà fún oṣù kan, ẹ ò ní rí i níbẹ̀. Ohun tí omi ń fà jáde lára ewé àti pòròpórò jẹ́ ẹgbẹ́ míì, àwọn ásíìdì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bíi p-coumaric àti ferulic àti àwọn ẹbí wọn. Àwọn náà ń ṣiṣẹ́, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀: wọ́n ń fa ọwọ́ irúgbìn sẹ́yìn kó má tètè hù, wọ́n sì ń dá gbòǹgbò kékeré dúró kó má gùn. Èpò tó ti dé ọrùn ẹsẹ̀ ti kúrò ní ọmọdé tí wọ́n ń fi irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ bà. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ jìnnà, ewé rẹ̀ sì ti ní ọ̀rá tí omi ń yọ̀ lé lórí.

Kí ló wá dé tó fi tutù sí i dípò kó kàn wà bó ṣe wà? Èyí ni àwọn tó ń ta ìmọ̀ yìí lẹ́nu kì í sọ. Èròjà tó bá pọ̀ á dá ewéko dúró. Tó bá kéré, èròjà kan náà a máa ta ewéko jí, á sì mú un dàgbà sí i. Ó ti ṣẹlẹ̀ lórí oríṣiríṣi ewéko àti oríṣiríṣi èròjà débi pé kò sí ìjà lórí rẹ̀ mọ́. Korobá ewé tútù kan tí ẹ dà sínú táǹkì omi ńlá ti ṣàn jù. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ewé tútù jẹ́ omi tẹ́lẹ̀, ẹ tún wá fi omi lé e. Àpọ̀jù omi ló sọ oògùn di àgbo ìdàgbàsókè fún èpò.

Ní Pakistan, níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí omi yìí dáadáa, sorgaab ni wọ́n ń pè é. "Aab" ni omi lédè wọn. Ọkà bàbà tó ti gbó ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ewé tútù. Wọ́n á sá a, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ bí orí ìka, wọ́n á rẹ kìlò kan sínú lítà omi mẹ́wàá fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá sè é títí ogún lítà yóò fi di lítà kan kó má baà gba àyè. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, nígbà tí wọ́n fín in sí oko àlìkámà, ìwọ̀n èpò wọn dín kù ní 35 sí 49 nínú 100. Ẹ kà á dáadáa. Àbájáde ìwádìí tí wọ́n ń fi yangàn nìyẹn, síbẹ̀ ó ju ìdajì èpò lọ tó ṣì wà nílẹ̀. Wọn ò sì sọ pé èpò kú, wọ́n ní ìwọ̀n rẹ̀ fúyẹ́ sí i. Ẹni tó bá sọ fún yín pé omi yìí nìkan á gba ọkọ́ lọ́wọ́ yín kò ro oko ẹ̀wà rí.

Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín lágara ṣá, torí ẹ̀wà àti àwọn ará rẹ̀ ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ irúgbìn míì ò ní, ìyẹn sì ni ìtóbi kóró wọn. Ẹ mú ẹyọ ẹ̀wà kan sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ mú ẹyọ tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wà yẹn wúwo ju tẹ̀tẹ̀ yẹn lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un pọ̀, a lè gbìn ín jìn díẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á sì ti gba abẹ́ ibi tí èròjà yẹn pọ̀ sí kọjá. Tẹ̀tẹ̀, pápásan àti gbégi ń hù láti orí ilẹ̀ gan-an, wọn ò ní oúnjẹ tó lè gbé wọn ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Tí gbòǹgbò wọn bá dúró fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ó parí. Nítorí náà, ibi tí ọgbọ́n yìí ti ń jẹ́ ni ìpele òkè ilẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí irúgbìn àti èpò jọ ń yọjú. Ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀pà, òtílì, gbogbo wọn ló ní àǹfààní yìí dé ìwọ̀n kan. Àwọn ará wọn tí kóró wọn kéré bíi clover àti alfalfa ò ní in, ẹ má fi tiwọn dán an wò.

Ibi tí ẹ̀wà ti jẹ́ ẹlẹgẹ́ ni kókó ara gbòǹgbò rẹ̀, níbi tí bakitéríà ti ń fi afẹ́fẹ́ ṣe nitrogen tó jẹ́ oúnjẹ fún un, mo sì fi ojú ara mi rí i. Lọ́dún kan, mo tú ọkà bàbà tútù mọ́lẹ̀, mo sì gbin sóyà sí i lọ́sẹ̀ kan náà torí òjò ti ń lé mi. Èpò kò fi bẹ́ẹ̀ hù lóòótọ́, inú mi dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, sóyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo fi ọkọ́ hú gbòǹgbò mẹ́fà láti oríṣiríṣi ibi, mo fọ̀ wọ́n sínú korobá. Lórí gbòǹgbò tó yẹ kí n ti bá kókó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo rí mẹ́ta, mẹ́rin, tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Mo fi èékánná gé ọ̀kan sí méjì: inú rẹ̀ funfun. Kókó tó ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ máa ń pupa bí ẹran, torí èròjà kan tó jọ ti ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń ṣètò afẹ́fẹ́ fún àwọn bakitéríà inú rẹ̀. Nǹkan méjì ló pàdé lórí sóyà mi lọ́dún yẹn: àwọn ásíìdì inú ewé tó ń jẹrà, tó lè dá bakitéríà wọ̀nyẹn àti irun gbòǹgbò lẹ́kun, àti pòròpórò tó ń gba nitrogen inú ilẹ̀ mọ́ra bó ṣe ń jẹrà. Èmi ò lè fi ìka tọ́ èyí tó ṣe jù nínú méjèèjì. Ohun tó dá mi lójú ni pé ìkánjú ni mo ṣe. Láti ìgbà náà, mi ò gbin ohun kan tó jẹ́ ìdílé ẹ̀wà sórí ọkà bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú mọ́lẹ̀ tútù.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni oko yín, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti inú táǹkì. Mo máa jẹ́ kí ewéko fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilẹ̀. Ẹ gbin ọkà bàbà kí ẹ̀wà tó dé. Gbòǹgbò rẹ̀ á ti máa tú sorgoleone gidi sílẹ̀ fún odindi oṣù mélòó kan, láìsí korobá láìsí asẹ́. Ẹ gé e lulẹ̀, ẹ tẹ́ pòròpórò rẹ̀ sórí ilẹ̀, ẹ má tú u mọ́lẹ̀. Ẹ dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ wá la ojú pòròpórò náà ní poro poro, kí ẹ gbin ẹ̀wà sínú rẹ̀. Ìgbà yẹn, agbára èròjà náà ti rọ̀ ní ibi tí gbòǹgbò ẹ̀wà wà, àwọn ásíìdì ara pòròpórò náà sì ṣì ń kán sórí ilẹ̀ nígbàkigbà tí òjò bá fọ̀ ọ́. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ sóyà ń fi rye, ọkà kan tó jọ àlìkámà, ṣe ní Amẹ́ríkà nìyẹn gẹ́lẹ́: wọ́n á jẹ́ kí rye yọ òdòdó, wọ́n á fi irin ńlá yí i lulẹ̀ bí ẹní, wọ́n á sì gbin sóyà sí i láàárín. Rye ní májèlé tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní DIBOA. Mucuna náà ń ṣe dáadáa, ìdílé ẹ̀wà ni òun gan-an, èròjà L-DOPA ló pọ̀ lára rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn àgbẹ̀ lò ó gidigidi láti lé ẹ̀kan kúrò lóko.

Mo ní láti sọ òótọ́ kan níbí. Nígbà tí ilẹ̀ bá wà lábẹ́ pòròpórò tàbí mucuna, òjìji náà ń pa èpò, kì í ṣe èròjà nìkan. Ti ẹ̀kan lábẹ́ mucuna, òjìji ló ṣe èyí tó pọ̀ jù. Àwọn onímọ̀ ti jà lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí ó rọrùn láti fi omi ewé dá irúgbìn dúró nínú àwo nínú yàrá ìwádìí, ó sì ṣòro láti fi hàn pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lóko níbi tí omi, ìmọ́lẹ̀ àti oúnjẹ ti ń fa wàhálà tiwọn. Inú àwo ò ní erùpẹ̀, bẹ́ẹ̀ erùpẹ̀ ló kún fún bakitéríà tó ń jẹ àwọn ásíìdì yìí bí oúnjẹ. Nínú ilẹ̀ amọ̀ tó lọ́ràá, wọn kì í pẹ́ lọ títí. Nínú ilẹ̀ yanrìn, wọ́n máa ń lágbára jù lákọ̀ọ́kọ́, òjò ńlá kan á sì gbá wọn lọ sísàlẹ̀. Fún àgbẹ̀, ìjà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì tí èpò bá sáà ti dín kù. Ó di pàtàkì lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé èròjà náà kúrò lára pòròpórò, kí ẹ rọ ọ́ sínú táǹkì, kí ẹ sì máa retí iṣẹ́ kan náà. Òjìji ò ṣeé rọ sínú táǹkì.

Àwọn oògùn míì wà tó ti ara ewéko wá: ọtí kíkan tó lágbára, òróró kánáfùrù, ásíìdì pelargonic. Ewé tí wọ́n bá ti kàn ni wọ́n ń jó, ti ẹ̀wà àti ti èpò bákan náà, gbòǹgbò á sì tún rú jáde. Kí ẹ̀wà tó hù ni wọ́n wúlò, lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ striga, èpò tí ń rọ̀ mọ́ gbòǹgbò irúgbìn tí ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ló wà lóko ẹ̀wà yín, ọ̀rọ̀ di ọ̀tọ̀. Òun kì í hù àyàfi tí gbòǹgbò bá fi èròjà pè é. Lọ́dún 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ irú èròjà bẹ́ẹ̀ jáde, láti ara gbòǹgbò òwú, wọ́n sì sọ ọ́ ní strigol. Ewéko tó lè pè é láìjẹ́ kó rọ̀ mọ́ òun lè tàn án hù kó sì kú. Desmodium ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún striga àgbàdo àti ọkà bàbà, ṣùgbọ́n striga tí ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀wà kì í ṣe irú yẹn, ẹ má sì rò pé ohun tó gba oko àgbàdo là á gba tiyín là. Irúgbìn ẹ̀wà tí kì í jẹ́ kó wọlé ni kí ẹ wá.

Dàńdá àti ẹ̀kan náà, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ìrètí yín. Iṣu abẹ́ ilẹ̀ ni dàńdá fi ń hù, oúnjẹ tó ní níbẹ̀ ju ti ẹ̀wà lọ, gbogbo ohun tí mo sọ nípa kóró kékeré kò kàn án. Ọkọ́ ni, tàbí òjìji tó pẹ́. Ọkọ́ náà kò ní kúrò lọ́wọ́ yín láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìgbìn, torí ìgbà yẹn ni èpò ń jí ìkórè ẹ̀wà lọ jù. Ohun tí pòròpórò lè ṣe fún yín ni kó sún ìgbà tí ẹ ó kọ́kọ́ ro oko síwájú, kó sì sọ ríro ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta di ẹ̀ẹ̀kan. Fún ẹni tó ń dá oko ro, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Tí ọkàn yín bá ṣì wà lára omi yẹn, ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú agolo. Ẹ bu erùpẹ̀ oko yín sínú agolo mẹ́fà, ẹ gbin ẹ̀wà mẹ́ta mẹ́ta sí i. Ẹ po omi náà bí mo ṣe sọ, kìlò kan sí lítà mẹ́wàá, kò pọn dandan kí ẹ sè é. Ẹ bu omi yìí wọ́n agolo mẹ́ta lọ́jọ́ tí ẹ gbìn ín, kí ẹ bu omi lásán wọ́n mẹ́ta tó kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ka èpò tó hù, ẹ wo bí ẹ̀wà ṣe ga. Ẹ má tọ́jú omi náà ju ọjọ́ méjì lọ, ó máa ń kan, agbára rẹ̀ á sì lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹran mu ún, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jẹ ọkà bàbà kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Èròjà inú rẹ̀ lè di sáyánáìdì nínú ikùn màlúù, ó sì ń pa á.

Lóko, ẹ fi poro mẹ́rin sílẹ̀ láìtẹ́ pòròpórò sí i, ní àárín gbùngbùn, kì í ṣe ní etí oko. Nígbà tí ẹ̀wà bá fẹ́ yọ òdòdó, ẹ hú gbòǹgbò márùn-ún níbẹ̀ àti márùn-ún lábẹ́ pòròpórò, ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ fi èékánná gé kókó wọn. Tí inú méjèèjì bá pupa bákan náà, ẹ tẹ́ pòròpórò ká gbogbo oko lọ́dún tó ń bọ̀. Tí ti abẹ́ pòròpórò bá funfun, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kún ìdúró yín kí ẹ tó gbìn, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi padà pẹ̀lú irú ilẹ̀ tí ẹ ní, yanrìn ni àbí amọ̀.